Tẹ́ńsọ̀n Tó Gòkè Lọ́sẹ̀ Ìdìbò

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó níwájú Olúwa. Kí n tó sọ ohunkóhun, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò bá mi lò gẹ́gẹ́ bí òye mi. Ká ní òye mi ló tẹ̀lé ni, ẹ̀yin ì bá wá bá mi kẹ́dùn, ẹ kò ní bá mi yọ̀. Halelúyà! Ohùn yín kò tíì jí. Halelúyà! Ẹ ṣeun.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Mẹ́tìrì Teófíìlì tó ń kọ́ àwọn ọmọ yín níwèé. Ẹ sì mọ̀ pé n kì í jáde wá jẹ́rìí. Pásítọ̀ ti pè mí títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe pé Ọlọ́run kì í ṣe nǹkan fún mi, ariwo ni n kò fẹ́. Ṣùgbọ́n Pẹ́lájì ìyàwó mi sọ lánàá pé bí èmi kò bá jáde, òun máa jáde, mo sì mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Yóò bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí mo ti ṣe bí òmùgọ̀. Bọ̀n, ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́, ó kéré tán màá lè rọ̀ ọ́ díẹ̀.

Gbogbo yín lẹ rántí bí Ìfọ̀nyìn ṣe rí nígbà tí ìdìbò ààrẹ ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé ẹ̀rù ń ba òun. Gààrí ni wọ́n ń rà. Ẹni tó bá ní àbúrò ní Ìdìrókò, tí kò bẹ̀ ẹ́ wò láti ìgbà tí wọ́n ti sin bàbá wọn, ó wá rántí lójijì pé ẹbí ò ṣe é gbàgbé, ó di ẹrù, ó kó ọmọ, ó gba ọ̀nà Ìgólò lọ kí wọ́n tó ti bọ́dà. Àwọn tó ń ṣẹ́ owó ní Ìgólò ń sọ tiwọn, àwọn onízẹ́mì tó ń fi alùpùpù kérò ń sọ tiwọn, kò sí èyí tó jọ ara wọn, gbogbo rẹ̀ la sì gbà gbọ́.

Èmi ni tèmi le jù. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti fi mí ṣe púrẹ́sídáǹ bùrò ìdìbò kan ní Tchaada, èmi ni màá jókòó nídìí àpótí láti àárọ̀ títí wọn yóò fi ka ìbò tán. Mo ti ṣe irú ẹ̀ rí lábúlé mìíràn nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, òkò ni wọ́n fi kí wa kú iṣẹ́ lórí páànù. Nítorí náà, oorun ti kọ̀ mí sílẹ̀ tipẹ́ kí ọjọ́ náà tó pé. Rédíò kì í kúrò létí mi. Bí mo bá jí, rédíò. Bí mo bá ń jẹun, rédíò. Bí mo bá sì ti ṣí i báyìí, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọn yóò fi Faransé sọ: tẹ́ńsọ̀n wà nílùú, tẹ́ńsọ̀n ń gòkè, àwọn àgbààgbà ń bẹ àwọn olóṣèlú kí tẹ́ńsọ̀n lè sọ̀. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára débi pé òun ni mo fi ń kí èèyàn lọ́nà.

Kì í sì í ṣe ẹ̀rù nìkan. Púrẹ́sídáǹ bùrò kò gbọdọ̀ ní ẹgbẹ́, n kò sì ní, ṣùgbọ́n Ọlọ́run tó ń rí ọkàn mọ ẹni tí mo fẹ́. Nínú ọkàn mi, ẹni náà ti da ọ̀dà sí ọ̀nà wa, ó ti kọ́ kíláàsì tuntun fún wa, mo ti ń yan ibi tí pátákó máa wà. Ẹ̀rù a máa rẹ èèyàn títí yóò fi sùn lọ. Ìrètí ni kì í jẹ́ kéèyàn dijú. Ohun tó sọ èmi àti Bàbá Mútíù aládùúgbò wa di ẹni tí kì í bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́ nìyẹn. Òun ni aṣojú ẹgbẹ́ kejì, ọkọ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi ń polongo káàkiri. Ògiri kan ló wà láàárín wa. Wọ́n máa ń fún wa lẹ́ran Iléyá, a máa ń fún wọn ní ìrẹsì Kérésì. Ṣùgbọ́n nígbà ìpolongo yẹn, "ẹ kú àárọ̀" nìkan ló kù, òun náà á sì máa jáde bí ẹni tí wọ́n ń fi okùn fà.

Gbogbo àkókò yìí, Pẹ́lájì wà nínú oyún. Ẹ̀yin lẹ bá wa fi àdúrà bẹ̀bẹ̀ fún oyún yẹn, ẹ mọ bó ti pẹ́ tó ká tó rí i. Oṣù rẹ̀ ti ń súnmọ́. Màmá, ìyá Pẹ́lájì, ti wá ń gbé pẹ̀lú wa kó lè rí ìwẹ̀ ọmọ ṣe. Ẹsẹ̀ Pẹ́lájì wú, sálúbàtà mi ló ń wọ̀. Ó ní orí ń fọ́ òun. Mo ní oòrùn ni. Ó ní nǹkan ń tàn yẹ̀rìyẹ̀rì lójú òun. Mo ní kó lọ sùn díẹ̀. Ó ní kí n yí rédíò sílẹ̀, mo sì yí i sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ má baà sọ pé n kò ṣe nǹkan kan.

Lọ́jọ́rú ọ̀sẹ̀ ìdìbò, òun àti Màmá lọ fún àyẹ̀wò lọ́dọ̀ sajifáàmù tó ń gbẹ̀bí ní màtẹ̀nìtẹ́. Nírọ̀lẹ́, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú rédíò mi. Màmá jáde wá, ó jókòó sétí bẹ́ńṣì, ó kọjú sí ògiri. Ẹ mọ̀ bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń bá àna sọ̀rọ̀ bí ọ̀rọ̀ bá wúwo.

Ó ní, "Mẹ́tìrì, ẹ kú ilé o. Wọ́n ní tẹ́ńsọ̀n ti gòkè o."

Mo ní, "Màmá, mo ti gbọ́."

Ó yíjú pa dà. "Ẹ ti gbọ́?"

"Láti àárọ̀. Gbogbo ayé ló ti gbọ́."

Màmá fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní, "Wọ́n ní ká tètè lọ sí Àjàṣẹ́ kó tó di ọjọ́ Àìkú. Wọ́n ní bó bá ṣẹlẹ̀ lójijì níbí, apá ò ní ká a."

Ẹ̀yin ará, ohun tí mo gbọ́ ni pé wọ́n ní ká sá lọ. Gbogbo ìlú ló kúkú ń sá. Mo gbé ohùn mẹ́tìrì wọ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. A ò ní lọ sí ibì kankan. Bí èmi púrẹ́sídáǹ bùrò bá kó ìyàwó mi sá, kí ni kí àwọn tó kù ṣe? Tẹ́ńsọ̀n yìí, bí wọ́n bá ti dìbò tán, á sọ̀ fúnra rẹ̀."

"Bí wọ́n bá ti dìbò tán?"

"Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, Màmá."

Ó wò mí títí. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Mẹ́tìrì," ó dìde, ó wọ ilé ìdáná lọ. Mo gbọ́ bó ṣe gbé ìkòkò kalẹ̀. Mo sọ lọ́kàn mi pé àgbàlagbà yìí náà, ẹ̀rù ìdìbò ti ń bà á. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá kí i, á dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n kò wo ojú mi mọ́.

Ẹnfẹ̀n, ọjọ́ Àbámẹ́ta dé, ìdìbò ku ọ̀la. Pásítọ̀ pe gbogbo wa sí àdúrà òwúrọ̀ fún orílẹ̀-èdè. Inú ilé yìí ni, ọ̀pọ̀ nínú yín wà níbẹ̀. Ẹ ti gbàdúrà fún bọ́dà, ẹ ti gbàdúrà fún àwọn sójà, Pásítọ̀ wá ní kí ẹni tó bá ní ẹrù lọ́kàn gbé e síwájú Ọlọ́run. Màmá dìde. Màmá kì í gbàdúrà sókè láwùjọ, inú mi dùn, mo rò pé ìlú ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn.

Ó ní, "Olúwa, mo gbé ọ̀rọ̀ tẹ́ńsọ̀n yìí wá bá ọ."

Àmín!

"Ó ti gòkè, Olúwa. Fi ọwọ́ rẹ tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀."

Àmín! Ohùn tèmi wà lókè níbẹ̀.

"Má jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣòfò."

Àmín! Ilé yìí mì.

"Ìwọ lo mọ̀ pé ọkọ̀ kò ní rìn lọ́la. Ìwọ lo mọ̀ pé sajifáàmù ti sọ tirẹ̀." Àmín ti bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù níbí. "Ọkọ ọmọ mi ní òun ti gbọ́, ó ní ká ṣì dúró ná dìgbà tí wọ́n bá dìbò tán. Èmi kò lè bá àna mi jiyàn, ìwọ ni mo wá bá. Olúwa, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí nìyí. Ṣé ìdìbò ni wọ́n fi ń wo aboyún ni?"

Arákùnrin kan ṣoṣo lẹ́yìn ló ṣì wí pé Àmín. Mo mọ̀ ọ́n, n kò ní dárúkọ rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Sajifáàmù ti wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ Pẹ́lájì, tí wọ́n ń pè ní tẹ́ńsọ̀n, lọ́jọ́rú, ó sì rí i pé ó ti ga ju bó ṣe yẹ. Ó pe Màmá sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní kó má sọ ọ́ létí aboyún kí àyà má baà já a, kó sọ fún ọkọ rẹ̀ kó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Àjàṣẹ́. Màmá kò gbọ́ Faransé. Tẹ́ńsọ̀n kan ṣoṣo ló mọ̀ láyé, èyí tí wọ́n ń fi ọ̀já dè lápá tí wọ́n ń fún bí afẹ́fẹ́. Níbi tí wọ́n sì ti tọ́ ọ dàgbà, èèyàn kì í la ẹnu pe àìsàn mọ́ aboyún lára, pàápàá nínú ilé tí aboyún náà ń sùn. Ó sọ iye tí ẹnu rẹ̀ lè sọ, ó fi èyí tó kù sílẹ̀ fún ọlọ́gbọ́n. Ọlọ́gbọ́n sì ń gbọ́ rédíò.

Tàtá Fẹlísì, tí gbogbo yín mọ̀ pé ilé ìwòsàn ló ń bá ṣiṣẹ́, kò dúró kí wọ́n sọ pé ní orúkọ Jésù. Ó ti la ojú láàárín àdúrà. Ó kọjá láàárín àga, ó kúnlẹ̀ níwájú Pẹ́lájì, ó fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun rẹ̀. Ibẹ̀ jìn wọlé, kò pa dà. Ó bi í nípa orí fífọ́, ó bi í nípa ojú. Ó wá yíjú sí mi.

"Mẹ́tìrì, láti ọjọ́rú?"

Mo ní, "Mo rò pé ti ìlú ni."

Ó ní, "Ìlú wo?"

Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀yin ará. Ẹ̀rù tí rédíò ti ń dá bà mí láti ọjọ́ yìí, èèyàn lè bá a jiyàn, èèyàn lè yí i sílẹ̀. Èyí wọ inú mi bí omi tútù, kò sọ nǹkan kan, ó kàn jókòó síbẹ̀. Mo wo Pẹ́lájì, mo rí i pé ojú rẹ̀ ti wú, mo sì mọ̀ pé ojú yẹn ti wú láti bí ọjọ́ mélòó kan, ojú mi kàn gbà á kọjá ni.

Ọkọ̀ wá di ọ̀ràn. Áńbúláǹsì ti gbé ẹlòmíràn lọ. Àwọn onítàsí ti gbé ọkọ̀ wọn pamọ́ nítorí wọ́n ti kéde pé bó bá di ọjọ́ ìdìbò, kò sí ìrìn láti ìlú dé ìlú. Zẹ́mì kò ṣe é gbé e sí. Ọkọ̀ kan ṣoṣo tó wà ní àdúgbò wa, ti Bàbá Mútíù ni, ó sì ti fi ojú olùdíje rẹ̀ lẹ̀ ẹ́ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Mo kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Gbogbo ìkíni tó wà nínú èdè wa, mi ò rí ìkankan mú. Mo ṣáà ní, "Bàbá Mútíù, Pẹ́lájì..." Kọ́kọ́rọ́ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó sọ èkejì.

Ṣùgbọ́n ìpolongo ti parí, òfin ti dé. Àwọn ọlọ́pàá jàǹdámù tó wà lọ́nà kò ní jẹ́ kí ọkọ̀ tó gbé àwòrán olùdíje kọjá. La bá bẹ̀rẹ̀ sí í bó o. Ògì gbígbóná ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, ẹni tó lẹ̀ ẹ́ kò ro ti ọ̀la. Omi, ọ̀bẹ, kànrìnkàn. Ìyàwó Bàbá Mútíù ń họ, Pásítọ̀ ń họ, èmi náà ń fi èékánná họ imú ẹni tí mo ti ń gbàdúrà kó fìdí rẹmi. Etí kan kọ̀ jálẹ̀ lára ilẹ̀kùn, kò ṣí. A fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo fi fóònù pe ọ̀gá tó fi mí sípò. Ó pariwo. Mo jẹ́ kó parí ariwo rẹ̀, mo sọ fún un pé igbákejì mi á jókòó nípò mi, mo sì pa fóònù náà. Àfi bíi pé ẹlòmíràn ló ti ń bẹ̀rù nítorí ipò yẹn láti ọjọ́ yìí wá.

Bí Bàbá Mútíù ṣe fẹ́ yí kọ́kọ́rọ́, ó ní Bísímílà. Màmá ní Ní orúkọ Jésù. Ọkọ̀ dáhùn. Tàtá Fẹlísì wà lẹ́yìn pẹ̀lú Pẹ́lájì, ó ń sọ pé ká má sọ̀rọ̀ sókè. Nígbà tí a dé ibi tí wọ́n ta okùn sí, jàǹdámù kan tẹ̀ ba, ó fi ìka kan ilẹ̀kùn, ó bi wá pé etí ta nìyí. Bàbá Mútíù ní, "Ọ̀gá, etí tó ń gbọ́ àdúrà ni, ẹ jọ̀ọ́." Jàǹdámù yọjú wo ẹ̀yìn ọkọ̀. Ó rí Pẹ́lájì. Fúnra rẹ̀ ló sọ okùn kalẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn ni gìrì ti mú un. Mo rí i. N kò ní ṣàpèjúwe rẹ̀ fún yín, àwọn ọmọdé wà níbí. Wọ́n gbé e wọ inú lọ, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wa. Dókítà jáde, ó ní ká ní ìlú yín lẹ wà títí di ọ̀la ni, kò sì parí gbólóhùn náà. Wọ́n ní àwọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú ẹ̀jẹ̀ náà wálẹ̀ kí wọ́n tó lè ṣiṣẹ́ abẹ.

Bí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú ṣe mọ́ bá wa níbẹ̀ nìyẹn. Ọ̀nà ti dí, Bàbá Mútíù kò lè pa dà, òun tó yẹ kó ṣojú ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwa méjèèjì jókòó sórí bẹ́ńṣì kan. Níta, orílẹ̀-èdè ń dìbò. Òun kò dì, èmi kò dì. Ó ní kò burú, pé ká ní a wà nílé, ìbò tèmi ì bá pa tirẹ̀ rẹ́, tirẹ̀ ì bá pa tèmi rẹ́. Mo rẹ́rìn-ín, ẹkún sì wà nínú rẹ̀. Ọlọ́dẹ ilé ìwòsàn ní rédíò kan, ó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ igi, n kò sì gbọ́ ohun tó ń sọ. Bàbá Mútíù lọ tẹ́ ẹní rẹ̀ láti kírun. Màmá ń rìn láti ògiri dé ògiri. Èmi di ojú. N kò rí àdúrà gígùn gbà. Mo ní, "Olúwa, fi í sílẹ̀ fún mi. Ẹni tó bá wù ọ́ ni kó o fi ṣe ààrẹ."

Ọmọ ké! Ẹ̀yin ará, ọmọ ké! Obìnrin. Ó kéré bí ẹyẹ, ohùn rẹ̀ sì ju ti Pásítọ̀ lọ. Sajifáàmù jáde, ó ní ìyá rẹ̀ wà láàyè. Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójú ibi tó dúró sí. Ó wò mí lójú, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́rú, ó ní, "Mẹ́tìrì, ẹ ò tilẹ̀ gbọ́ Yorùbá." Mo ní, "Màmá, ẹ má bínú, mo gbọ́ Faransé jù ni." Ó rẹ́rìn-ín, ó sunkún, ó ní kí n lọ wá omi gbígbóná.

A pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ náà kò sọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀díẹ̀ ló ń sọ̀, Màmá sì ń bi wọ́n ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n. Ibẹ̀ la wà tí wọ́n fi ka ìbò tí wọ́n fi kéde. Igbákejì mi pè mí láti Tchaada. Mo bi í pé báwo ni. Ó ní àwọn èèyàn gbé àpótí ìjókòó wọn wá láti ilé, wọ́n tò, wọ́n dìbò, wọ́n lọ sóko. Ewúrẹ́ kan ṣoṣo ló dá wàhálà sílẹ̀, wọ́n sì lé e. Ohun tó gba oorun lójú mi láti ọjọ́ yìí ni ewúrẹ́ kan. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún un.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dá wa sílẹ̀, Bàbá Mútíù ló tún wá gbé wa. Bí a ṣe dúró níwájú ilé, àwọn èèyàn ti pọ̀ lábẹ́ máńgòrò, wọ́n ń jiyàn ìdìbò. Bàbá àgbà kan wà láàárín wọn tí etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa mọ́, wọ́n ti sọ èsì fún un, ó ní irọ́ ni wọ́n ń pa. Ó rí wa, ó ní àwọn tó ti ìlú ńlá dé nìyí, àwọn ló máa sọ òótọ́. Ó ké sí wa pé, "Ẹ kú àbọ̀ o! Ta ló wọlé?"

Èmi àti Bàbá Mútíù wo ara wa. A kò tíì sọ ọ́ láàárín ara wa rí, tòótọ́ tòótọ́, gbogbo ọ̀nà tí a rìn. Mo la ẹnu kí n dárúkọ. Màmá ni ó ṣáájú mi. Ó gbé ọmọ dání, Pẹ́lájì fara ti èjìká rẹ̀, ó ti gbé ẹsẹ̀ kan kọjá ẹnu ọ̀nà. Ó yíjú pa dà sí bàbá àgbà, ó sì fi gbogbo ohùn rẹ̀ dá a lóhùn kó lè gbọ́.

Ó ní, "Pẹ́lájì ló wọlé! Òun àti ọmọ rẹ̀!"

Ẹ̀yin ará, ògo ni fún Ọlọ́run. Pẹ́lájì, ẹ dìde dúró, ìwọ àti ọmọ, kí wọ́n rí yín. Àwọn nìyí. Ẹ bá wa jó.